Bí mo ṣe tú ìnáwó káúntì wa wò fún ọdún mẹ́wàá

Wọ́n tún fi owó kún property tax, ìyẹn owó orí tí mò ń san lórí ilé mi, inú bí mi gan-an, mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ n wo ibi tówó yìí ń gbà lọ. Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, káúntì ibí, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀, sì máa ń gbé ìwé ìṣirò owó wọn jáde lọ́dọọdún lẹ́yìn tí àwọn ọ́dítọ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. ACFR (Annual Comprehensive Financial Report) ni wọ́n ń pè é. CAFR ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i ní 2021, torí téèyàn bá pè é lẹ́nu, ó jọ èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ní South Africa.

Ìwé ọ̀hún ju ojú ìwé 200 lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, oorun gbé mi lọ. Ẹ̀yin ẹ ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ o, níbi tí wọ́n kọ Statistical Section sí, tébù kan wà níbẹ̀ tó to ọdún 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, owó tó wọlé lókè, èyí tó jáde nísàlẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú Excel.

Mo wá rí ọdún kan tí ìnáwó ga fíofío, mo ti ń múra àtipariwo olè, àṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun ni wọ́n kọ́, owó bọ́ǹdù, ìyẹn owó tí wọ́n yá, ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Wọn kì í ka owó tí wọ́n yá mọ́ owó tó wọlé, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ọdún yẹn fi dà bíi pé wọ́n jẹ gbèsè kọjá agbára wọn. Transfer, ìyẹn owó tí káúntì ń gbé láti àpò rẹ̀ kan sí òmíràn, náà tún tàn mí. Téèyàn bá yọ dọ́là 50 lápò òsì, tó kó o sápò ọ̀tún, kò tíì ná nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní láti pa fáìlì yẹn rẹ́ kí n tún un ṣe.

Owó Kòrónà náà wà ńbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pín bílíọ̀nù 65.1 dọ́là fún àwọn káúntì ní 2021, wọ́n ní kí wọ́n ti ṣàdéhùn ohun tí wọ́n máa fi ṣe kí 2024 tó parí, kí wọ́n sì ná an tán kí 2026 tó parí. Ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ ọ́ pé ó wọlé àfìgbà tí wọ́n bá ná an, torí náà owó tí wọ́n gbà ní 2021 lè jẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn náà ló máa yọjú nínú tébù.

Lẹ́yìn náà mo yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò, torí nǹkan tí wọ́n ń fi dọ́là 100 rà ní 2015, bíi 132 ni wọ́n ń fi rà á ní 2024. Háà, ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó kù tó ga lóòótọ́ ò ju owó ṣẹ́ríìfù (ọlọ́pàá káúntì) àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lọ.

Mo wá padà sórí bíìlì ilé mi, mo kà á dáadáa fúngbà àkọ́kọ́: èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, school district, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó iléèwé ìjọba àdúgbò, ló ń gbà á, kì í ṣe káúntì. Ìwé tiwọn ni mò ń wá báyìí.