Oríṣi iṣu kan ṣoṣo kọ́ ló yẹ kó kún oko

Lọ́dún kan, oríṣi iṣu funfun kan ṣoṣo ni mo gbìn sí gbogbo oko mi nítòsí Ìkọ̀lé. Àwọn oníyán Adó ló kì mí láyà: wọ́n ní iṣu náà kì í ní kókó, bí ọmọ odó bá kàn án díẹ̀, ó ti fà. Bàbá mi wo ebè títí, wọ́n ní, “Ewùrà ńkọ́?” Mo ní ta ní í gún ewùrà l'Ékìtì. Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lábala-lábala, láti ebè àkọ́kọ́ dé ìpẹ̀kun. Ọ̀pọ̀ iṣu tí mo wa kò ju ìkúùkù lọ.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹ̀bù, ìyẹn iṣu tí a fi ń gbìn, kì í ṣe ọmọ iṣu; iṣu ọ̀hún gan-an ni. Bí ẹ bá gé ìran kan sí ẹgbẹ̀rún ebè, iṣu kan lẹ ní. Àrùn tó bá rí ọ̀nà wọ ọ̀kan ti rí ọ̀nà wọ gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀dùnkún òyìnbó gbìn nílẹ̀ Ireland náà nìyẹn, oríṣi kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Lumper ni ọ̀pọ̀ tálákà gbára lé. Àrùn dé ní 1845, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú kí ìyàn náà tó lọ.

Ẹ má rò pé ewùrà lágbára jù. Àrùn kan wà tó máa ń sun ewé rẹ̀ bí ẹni fi iná rà á, iṣu funfun kì í sì í fara gbá a tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbin méjèèjì. Ká sọ òótọ́ ṣá, lọ́dún tí gbogbo nǹkan bá dára, oko oníṣu kan lè mówó wọlé ju oko àdàlù lọ. Ọdún tí kò dára ni kí ẹ máa wò.

Àṣìṣe kejì, gbogbo wa la jẹ̀bi rẹ̀: a ta iṣu ńlá, a fi kéékèèké ṣe ẹ̀bù. Iṣu tí àrùn ewé bá ṣe kì í sábà tóbi, nítorí náà àwọn aláìsàn là ń ṣà gbìn lọ́dọọdún. Ẹ fi igi sàmì sí ebè tí ewé rẹ̀ bá mọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú ẹ̀bù.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Iṣu kan náà lè yí orúkọ padà kó tó kọjá ìlú méjì. Ẹ wo ẹ̀gún ara ìtàkùn, ẹ wo ewé, ẹ wo ìgbà tó ń hù nínú àká, kí ẹ tó sanwó.

Àgbàdo haibíríìdì, èyí tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, ẹ má mú nínú ọmọ rẹ̀ tún gbìn. Ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ara wọn.

Ti agbálùmọ̀ yàtọ̀ sí ti iṣu, torí kóró la fi ń gbìn ín, ọmọ kì í sì í sábà jọ ìyá. Síbẹ̀, igi aládùn kan là ń kó gbogbo kóró lábẹ́ rẹ̀, a wá ń gé àwọn tó kan tó wà nínú igbó. Ẹ kó kóró lábẹ́ igi mẹ́fà-méje tó jìnnà síra. Èyí tó wà lọ́nà oko wa kan gógó, ẹyẹ àti àwọn ọmọ iléèwé nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ti ilé bá ti tán lórí igi, tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni.