Ìṣẹ́jú Kan Àkọ́kọ́: Bí Mo Ṣe Fi Ambu Bag Ran Ọmọ Tí Kò Ké Lọ́wọ́

Ambu bag ni àpò rọ́bà tó ní máàsìkì, tí a ń fi ọwọ́ fún láti ti atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mí. Ìlànà Helping Babies Breathe, ìyẹn ìlànà ríran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́, tí American Academy of Pediatrics (ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà) gbé jáde ní 2010, ni mo tẹ̀ lé. Bí ọmọ bá jáde tí kò mí, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ti máa wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 1 tó pé.

Ọyẹ́ ń mú ní Ọ̀fà lásìkò náà. Kí orí ọmọ tó yọ, mo ti pa fáànù, mo ti ti fèrèsé, kí yàrá ìgbẹ̀bí lè gbóná tó 25°C. Mo tẹ́ aṣọ gbígbẹ méjì sórí tábìlì, ọ̀kan fún nínu, ọ̀kan fún wíwé. Fìlà, rọ́bà ìfakun, stethoscope àti tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, torí iná lè lọ nígbàkígbà. Máàsìkì nọ́ńbà 1 ni ti ọmọ tó pé oṣù, 0 ni ti èyí tó kéré. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí máàsìkì, mo fún bag, mo gbọ́ tí fáàfù ń tú atẹ́gùn. Bí bag bá kàn rọ̀ wẹ́rẹ́ láìsí ìdènà, ibì kan ti ya tàbí fáàfù ò jókòó dáadáa.

Ọmọ jáde, kò ké, ara rẹ̀ rọ, kò mira. Mo nu ún gbẹ láti orí dé ẹsẹ̀, mo ju aṣọ tó ti tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ra á lẹ́yìn díẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e dorí kodò, kẹ́ ẹ gbá a nídìí," ni ìyá àgbà tó bá wọn wá ń wí.

"Ẹ má bínú, màmá, ìyẹn lè ṣe é léṣe. Atẹ́gùn ló ń fẹ́."

Ọmọ tó ń mí, a máa ń dúró ìṣẹ́jú 1 sí 3 kí á tó gé ìwọ́ rẹ̀. Èyí ò mí, mo di ìwọ́, mo gé e, mo gbé e sórí tábìlì. N ò fa nǹkan kan, torí kò sí ohun tó dí i lẹ́nu. Bí ó bá wà, ẹnu là ń kọ́kọ́ fà, kí á tó fa imú. Bí a bá fọwọ́ kan imú ṣáájú, ọmọ lè fa ohun tó wà lẹ́nu sínú. Fífa jìnnà sí ọ̀fun sì lè mú kí ọkàn rẹ̀ falẹ̀.

Mo gbé orí rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀: ọrùn ò tẹ̀ síwájú, kò sì fà sẹ́yìn jù. Máàsìkì bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n, ó bo ẹnu àti imú, kò kan ojú. Mo ń kà á sókè, "Mí, méjì, mẹ́ta," mo ń fún bag lórí "mí" nìkan. Ìyẹn á jẹ́ 40 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Atẹ́gùn inú yàrá tó fún ọmọ tó pé oṣù.

Àyà kò gbé. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ọmọ: wọ́n á máa fún bag lọ, wọn ò ní wo àyà. Mo gbọ́ tí atẹ́gùn ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. A kì í tẹ máàsìkì mọ́lẹ̀ láti dí i; egungun àgbọ̀n là ń fi ìka mẹ́ta gbé wá bá máàsìkì. Mo tún orí tò, mo là á lẹ́nu díẹ̀, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé. Ká ní kò gbé síbẹ̀, ǹ bá yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kí n tó fún bag kó le sí i.

Mo di ìdí ìwọ́ mú, mo ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 6, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Ó lé ní 100. Bí ó bá wà lábẹ́ 60 lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí àyà ti ń gbé dáadáa, a ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àyà, ìtẹ̀ 3 sí èémí 1, pẹ̀lú ọ́síjìn 100%. Kí á má kánjú dé ibẹ̀: àìrí atẹ́gùn ló sábà máa ń mú ọkàn ọmọ tuntun falẹ̀.

Nígbà tó ké, mo dín fífún kù díẹ̀díẹ̀, mo gbé e sí àyà ìyá rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín wọn, mo da aṣọ gbígbẹ bò wọ́n. Ní ìṣẹ́jú 15 síra ni mo ń wo èémí àti ìgbóná ara rẹ̀, 36.5 sí 37.5°C ló yẹ kó wà. Ọmọ tó bá ń kùn bó ṣe ń mí, tàbí tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn. Mo tú bag náà palẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sè é fún ìṣẹ́jú 10 torí irú tó gba sísè ni, mo tò ó padà, mo sì tún un dán wò kí aláboyún tó kàn tó wọlé.