Bí ẹ ṣe lè tún Odoo tò kó bá ètò ìgbanisíṣẹ́ yín mu

Odoo ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fi ń bójú tó iṣẹ́ wọn, títí kan gbígba èèyàn síṣẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ wá bébà. Ẹ ronú kan ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ kẹ́yìn, kí ẹ kọ gbogbo ọwọ́ tí ìwé rẹ̀ gbà kọjá sílẹ̀, láti ọjọ́ tí CV rẹ̀ dé títí tó fi wọlé iṣẹ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ, kì í ṣe bí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ ṣe wí. Bí CV bá máa ń sùn sórí tábìlì akápò fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó buwọ́ lù ú, ìpele kan nìyẹn, ẹ má fò ó.

Ìpele mẹ́fà ló ń bá Odoo 17 wá: New, Initial Qualification, First Interview, Second Interview, Contract Proposal àti Contract Signed. Fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba awakọ̀ tàbí òǹtajà nílẹ̀ wa, ohun kan ló kù níbẹ̀: onídùúró. Ẹ ṣí iṣẹ́ náà nínú Recruitment, ìyẹn apá ìgbanisíṣẹ́ nínú Odoo, ẹ tẹ Stage ní ìparí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ kọ "Onídùúró", kí ẹ wá wọ́ ọ sáàárín Second Interview àti Contract Proposal. Ẹ má fi sí ẹ̀yìn Contract Proposal o. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó bá ti jáde kí onídùúró tó yọjú, ìjà ni gbígbà á padà.

Ìpele tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yìí á hàn lábẹ́ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílé-iṣẹ́, títí kan èyí tí kò nílò onídùúró. Ẹ tẹ àmì jíà tó wà lórí ìpele náà, ẹ yan Edit, kí ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ tó kàn sínú Job Specific. Nínú àpótí Requirements, ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ pé kí káàdì olùwáṣẹ́ (àpótí kékeré tó ń ṣojú fún un lójú kọ̀ǹpútà) tó kúrò níbẹ̀: fọ́ọ̀mù onídùúró méjì, fọ́tò pélébé, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀.

Email Template, àyè tí ẹ ti ń yan lẹ́tà tí Odoo á fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ló ń dójú ti èèyàn jù. Bí lẹ́tà bá ti wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá fa káàdì dé ìpele náà ni ímeèlì máa lọ, kò sì ní béèrè bóyá ó dá yín lójú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì yọ̀ lè fi "a kí ọ kú oríire" ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn ò tíì rí sójú. Ẹ wo ìpele kọ̀ọ̀kan, torí lẹ́tà lè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ti New sílẹ̀ kí olùwáṣẹ́ lè mọ̀ pé ìwé òun dé. Ti Contract Proposal, ẹ yọ ọ́, kí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ ọ́ látinú káàdì rẹ̀.

Hired Stage, àmì tó ń sọ fún Odoo pé ìpele yìí ni wọ́n ti gba èèyàn síṣẹ́, orí Contract Signed nìkan ni kí ẹ ti máàkì í. Bí ó bá wà lórí ìpele tó ṣáájú, Odoo á kọ ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ fún ẹni tó ṣì ń dúnàá-dúrà owó oṣù.

Ẹ má dá ìpele "A kò gbà á" sílẹ̀. Bọ́tìnnì Refuse wà fún un. Á gbé káàdì kúrò lójú, á sì tọ́jú ìdí rẹ̀. Ẹ lọ sí Refuse Reasons lábẹ́ Configuration, kí ẹ fi èyí tó bá yín mu kún un: "Kò ní ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀", "Onídùúró kò yọjú". Bí wọ́n bá pọ̀ jù, àkọ́kọ́ tí ojú bá rí ni gbogbo èèyàn á máa tẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka tó kàn fẹ́ bá olùwáṣẹ́ sọ̀rọ̀, ipò Interviewer (àṣẹ olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò) nínú Odoo tó fún un o. Iye owó oṣù tí olùwáṣẹ́ béèrè kò ní hàn sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ímeèlì tara yín forúkọ sílẹ̀ bí olùwáṣẹ́, kí ẹ fa káàdì náà la gbogbo ìpele kọjá. Ẹ ka lẹ́tà tó wọlé. Bí ọ̀kan bá lé, ẹ padà sí Email Template ìpele tó ti jáde.