Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Ẹ̀yin Ọ̀rẹ́ Bá Ń Fẹsẹ̀ Gun Òkè Lọ sí Àríyá Nínú Ahéré

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣíwájú àwọn tí ń fẹsẹ̀ gun òkè, inú sì máa ń bí mi bí mo bá rí owó tí àwọn ẹni tuntun ń fi ṣòfò kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀ kìíní. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n gba ahéré kan lórí òkè tí ọkọ̀ kò lè dé, wọ́n sì lọ ra ọjà bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìnáwó ní gbọ̀ngàn àárín ìgboro. Mo gbà pé ẹ mọ bí a ti ń so okùn bàtà, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò.

1. Ẹ má ṣe wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ ìrìn. Bí ó ti wù kí ó wọ́n tó, yóò bó yín lẹ́sẹ̀.

2. Ẹ má ṣe fi ìṣirò ilẹ̀ pẹrẹsẹ díwọ̀n ọ̀nà òkè. Ní ọdún 1892, William Naismith, ará Scotland, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí a ṣì ń lò títí di òní: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún nǹkan bíi mítà 600 tí a bá gùn sókè. Ọ̀nà kìlómítà 10 tí ó ga sókè ní mítà 900 yóò gba wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, láìka ìsinmi àti àwòrán yíyà mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni ìlànà yìí wà fún. Ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù láàárín yín ni ìrìn gbogbo yín. Bí ẹ bá gbéra ní aago méjì ọ̀sán, inú òkùnkùn ni ẹ ó parí rẹ̀ sí.

3. Ẹrù. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí gan-an nìyí. Olúkúlùkù a lọ ra tirẹ̀ láìbi ẹnì kejì, nígbà tí a bá sì tú àpò nísàlẹ̀ òkè, a ó bá ìkòkò mẹ́ta àti sípíkà méjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí ó gbé gáàsì tàbí ìṣáná. Lítà omi kan, kìló kan ni. Ìgò wáìnì tí ó kún wọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ìwúwo rẹ̀ ni ìgò lásán, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ padà. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kéèkì alájà mẹ́ta nínú páálí, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Nígbà tí a dé ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ di òkúta mú kí ó tó lè kọjá, ó gbé páálí náà lé orí òkúta kan tí ó dagun. Páálí náà yọ̀ wẹ́rẹ́, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi orí sọlẹ̀. Inú ọ̀rá ni a ti fi ṣíbí bu kéèkì yẹn jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi tí mo sì ti ń wàásù láti ìsàlẹ̀ òkè ni mo kọ́kọ́ na ṣíbí sí i.

Kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọ àkọsílẹ̀ ohun tí a fẹ́ rà. Kí ó kọ́kọ́ bi olùtọ́jú ahéré léèrè ohun tí ó wà nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ahéré ní ìkòkò, àwo àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wọn ẹrù àjọni lórí ìwọ̀n, kí ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mọ, kí ẹrù ẹnikẹ́ni má ṣe ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀wà gbígbẹ sílẹ̀ nílé pẹ̀lú: ní gíga mítà 3,000, nǹkan bí ìwọ̀n 90 lórí Celsius ni omi ti ń hó, dípò 100, gáàsì yín yóò sì tán kí ẹ̀wà tó rọ̀.

Ẹ̀wù olówùú tí a tẹ orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí sí tún ni owó mìíràn tí ń ṣòfò. Òógùn yóò mú un rin, aṣọ olówùú tí ó bá sì ti rin kì í mú ara móoru mọ́, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 fún gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn.

Ẹ má ṣe mu ọtí lójú ọ̀nà. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sáré wá sí abẹ́ awọ, ènìyàn á rò pé ara òun ń móoru nígbà tí ooru ara rẹ̀ ń sá jáde.

Ẹ má ṣe gbé èédú tí ń jó wọ inú ahéré láé. Èéfín carbon monoxide tí ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ni ó sì ń pa ènìyàn sí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọ́n yá sáré lọ fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ni kí ó wà lẹ́yìn pátápátá. Kí olúkúlùkù ní tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí, nítorí òtútù máa ń tètè fa bátìrì fóònù gbẹ, kí ó sì ní fèrè: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n, ni àmì pé ẹ ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti ìgbà tí ẹ ó padà fún ẹnì kan nílé.

Ní ti sípíkà yẹn, ọ̀pọ̀ ahéré ni àwọn àlejò mìíràn ń sùn sí lálẹ́ kan náà, tí wọn yóò sì jí gun òkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ariwo sábà máa ń dópin nínú irú ahéré bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jó mọ́jú, ẹ gba gbogbo ahéré náà pátá. Bí owó kò bá tó o, ẹ tètè dé, kí ẹ ṣe àríyá yín lọ́sàn-án.