Àwọn àṣìṣe tó ń ba nǹkan jẹ́ láàárín yúníọ̀n àtàwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ́tò

Tẹ́ ẹ bá wọṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Ford, GM tàbí Stellantis l'Amẹ́ríkà, ní Michigan tàbí Ohio, UAW (United Auto Workers) lẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn yúníọ̀n, tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀. Plant, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, sábà máa ń ní local, ìyẹn ẹ̀ka yúníọ̀n, tó ní nọ́ńbà, ààrẹ, shop chairman tó jẹ́ olórí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ níbẹ̀, àtàwọn committeeman, ìyẹn aṣojú tó ń bá yín gbé ẹjọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ táwọn èèyàn ń pàdánù níbẹ̀, ẹjọ́ tó dáa ni, ọwọ́ tí wọ́n fi mú un ni ò dáa, ó sì ń dùn mí gan-an torí ẹni tó jàre náà ló tún máa ń padà jìyà.

Ẹ má kọṣẹ́ sílẹ̀ lórí line, ibi tí wọ́n ti ń to mọ́tò pọ̀, torí pé inú ń bí yín. Supervisor lè sọ pé kẹ́ ẹ lọ ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiyín, ẹ sì mọ̀ dájú pé kọ́ńtíráàtì ò gbà á láyè, síbẹ̀ ẹ ṣe é ná, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín pe committeeman, kẹ́ ẹ kọ grievance, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, ẹjọ́ yẹn ti kúrò lórí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín lódì, ó ti di pé ẹ tàpá sí àṣẹ, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì máa fi lé yín lọ. Ibi tọ́rọ̀ ti yàtọ̀ ni nǹkan tó lè pààyàn tàbí tó lè géèyàn lọ́wọ́, irú ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ ìdáàbòbò ẹ̀ kúrò, ẹ sọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé ewu ni, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó ń mójú tó ètò ààbò ní local yín.

Ẹ má dá wọ ọ́fíìsì lọ dáhùn ìbéèrè. Láti 1975 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Weingarten, pé tí ọ̀gá bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò lórí nǹkan tó lè já sí ìyà, òṣìṣẹ́ tó wà nínú yúníọ̀n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí aṣojú òun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa béèrè o, ọ̀gá ò ní rán yín létí, òfin ò sì ní kó rán yín létí. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ má fìbínú jáde, ẹ tún un sọ kó ṣe kedere kẹ́ ẹ sì fi sùúrù jókòó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún ń pa ẹjọ́. Supervisor á ní fi sílẹ̀, màá bá ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, àmọ́ grievance ní iye ọjọ́ tí kọ́ńtíráàtì fún un, ọjọ́ yẹn á kọjá, ẹjọ́ á sì ti kú. Ẹ kọ déètì, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó sọ gan-an, ìwé kékeré inú àpò ti tó.

Èyí tó burú jù ni káwọn olóyè yúníọ̀n máa jẹ nínú owó iléeṣẹ́. Ẹnu jẹ, ojú tì. Òfin Taft-Hartley ọdún 1947 ti sọ pé agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fún olóyè yúníọ̀n lówó tàbí ẹ̀bùn, ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fiat Chrysler, tó ti di ara Stellantis báyìí: Alphons Iacobelli tó jẹ́ ọ̀gá àgbà lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ń lo owó tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ láti fi tọ́jú àwọn olóyè UAW, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là, nínú ẹ̀ ni wọ́n ti san gbèsè ilé General Holiefield, igbákejì ààrẹ UAW nígbà yẹn, $262,000. Ọdún márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n dá fún Iacobelli ní 2018, iléeṣẹ́ náà sì gbà ní 2021 pé òun jẹ̀bi. Àwọn èèyàn yìí ló ń jókòó sídìí tábìlì kan náà láti dúnàádúrà owó oṣù àwọn tó ń lagùn lórí line! Ẹ má rò pé ti àwọn olóyè ńlá ní Detroit, níbi tí olú ọ́fíìsì UAW wà, nìkan nìyẹn o, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní local ò ju tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tàbí iṣẹ́ ìrọ̀rùn fún ọmọ ìyá ẹni lọ.

Àmọ́ ẹ má tún torí ẹ̀ máa pe gbogbo committeeman tó bá ń bá máníjà rẹ́rìn-ín ní ọ̀dàlẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bá wọn sọ̀rọ̀, èyí tí ò bá lè bá wọn sọ̀rọ̀ ò lè rí nǹkan gbà fún yín. Ẹ wo Fremont ní California, GM ti plant yẹn pa ní 1982, ìjà òun òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti le jù, wọ́n wá tún un ṣí ní 1984 pẹ̀lú Toyota, wọ́n pè é ní NUMMI, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ló pọ̀ jù níbẹ̀, UAW kan náà. Kọ́ńtíráàtì wọn sọ pé kí wọ́n tó lé òṣìṣẹ́, owó àwọn ọ̀gá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé, ìgbà tọ́jà ò sì tà mọ́ dáadáa lápá ìparí 1980s, wọn ò lé wọn. Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ní 2010, lẹ́yìn tí GM ti kúrò nínú ẹ̀, Toyota ti ibẹ̀ pa, ìrẹ́pọ̀ inú plant ò dá ìpinnu àwọn tó wà lókè dúró.

Ẹ má yanṣẹ́ lódì láì wo ìwé. Kọ́ńtíráàtì sábà máa ń ní kẹ́ ẹ má dáṣẹ́ sílẹ̀ títí tọ́jọ́ ẹ̀ á fi pé, àfi lórí àwọn nǹkan kan tó dárúkọ. Ohun tí local méjì ní Flint, Michigan, lò ní 1998 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ààbò, bí line ṣe ń sáré àti iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé síta, plant méjì péré, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo GM dúró ní North America fún ọjọ́ 54. Ṣùgbọ́n ní plant Mack Avenue ní Detroit ní 1973, níbi táwọn òṣìṣẹ́ Chrysler ti dá a ṣe láìgba àṣẹ, àwọn olóyè UAW fúnra wọn ló kó èèyàn jọ wá tú wọn ká.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má dìbò fún kọ́ńtíráàtì tẹ́ ẹ ò kà. Ìbò ni wọ́n fi gba ti 2007 tó jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa gbowó tó kéré sí tẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi bá a jà kí ìyanṣẹ́lódì 2023 tó dé, èyí tó fi owó wọn lọ sókè pẹ̀lú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún títí di 2028. Ìwé méjì ló wà, national agreement tó jẹ́ ti gbogbo iléeṣẹ́ náà àti local agreement tó jẹ́ ti plant yín nìkan, tẹ́ ẹ bá dé hall, ìyẹn ọ́fíìsì local yín, ẹ béèrè méjèèjì, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ grievance sí.