Ilé alámọ̀ tí mo rà ní Iléṣà

Ilé yàrá mẹ́fà ni, kò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ́sà. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, koríko sì ti hù dé ẹnu fèrèsé. Ọdún mẹ́jọ ni kò fi sẹ́ni tó sùn níbẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi kó owó rẹ̀ jọ, n kò sì ra ilé rí.

Ilé ẹbí ni. Kí n tó san kọ́bọ̀, mo bẹ olórí ẹbí pé kí ó pe olórí ìdí-igi (ẹ̀ka ẹbí) kọ̀ọ̀kan jókòó, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí wọn, ilé-ẹjọ́ lè tú u ká. Bí àwọn náà bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò tilẹ̀ sí títà kankan. Ẹ má ṣe kánjú níbí yìí. Ìwé yòókù, lọ́yà ló bá mi ṣe é.

Mo ti ra ọ̀dà garawa méjì sílẹ̀ nígbà tí bàbá bíríkìlà dé. Bàbá kò wọlé. Wọ́n yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń fi ẹ̀yìn àdá kan ògiri. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti ya kúrò lára amọ̀ níbẹ̀.

“Ọmọ mi, gbé ọ̀dà yẹn pa mọ́. Omi ló ń pa ilé alámọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí.”

Wọ́n là á yé mi. Amọ̀ máa ń fa omi mu, á sì tún gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ó gbẹ, omi á dúró sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní kí n fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí sísán kọ̀ọ̀kan parí sí, kí n kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹyọ kan péré ló ti kọjá ìlà, ní igun ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí omi òrùlé ń dà sí. Erùpẹ̀ ti ga níbẹ̀ ju ìpìlẹ̀ lọ. A kó o kúrò, a sì la ojú omi lọ sínú gọ́tà.

Oṣù kọkànlá la ṣí òrùlé, kí ẹ̀ẹ̀rùn lè bá wa ṣe é. Káfíńtà fẹ́ pààrọ̀ gbogbo igi, ṣùgbọ́n mo ní kí a kọ́kọ́ fi ìṣó gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ni ikán ti jẹ. Ìṣó wọlé bí ẹni gún àkàrà. Ìyókù jẹ́ ìrókò, ìṣó kò ràn wọ́n. Inú mi dùn gan-an pé a kò gé igi àtijọ́ yẹn sọnù. A na etí páànù tuntun jáde ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí òjò má baà máa na ògiri.

Òjò àkọ́rọ̀ bá mi nínú ilé náà lóru. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo wo ògiri yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ibì kan ṣoṣo ló jò, lókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Káfíńtà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó yọ ìṣó tó wọ́, ó fi olórí rọ́bà rọ́pò rẹ̀.