Abẹ́rẹ́ tó wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú

Mi ò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ti òru láàárọ̀ ọjọ́ náà tí mo fi gbọ́ "Yéè!" láti ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù. Màmá tó ń bá wa gbálẹ̀ ni. Wọ́n ti di ẹnu láílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí tán, wọ́n fẹ́ gbé e jáde, ni abẹ́rẹ́ bá gba inú ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n wọ̀ kọjá, ó gún wọn nídìí àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ náà ò ju orí ìṣáná lọ. Wọ́n ti ń fún ojú ibẹ̀, wọ́n sì ń nawọ́ sí ike blíìṣì.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un, ẹ má da blíìṣì sí i." Títẹ̀ tí a ń tẹ ojú ibẹ̀ àti oògùn líle tí a ń dà sí i, ẹran ara ni wọ́n ń bó, wọn kì í lé àrùn jáde. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni mo fi fọ ọ́. Ẹ̀yìn náà la wọ Micra ní Mọ́kọlá, ó di UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn.

Kò sẹ́ni tó mọ aláìsàn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹn gún, nítorí náà kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a lè yẹ̀ wò. Oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè dúró lára, wákàtí 72 lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá gúnni ni gbèdéke àtibẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ bó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe dára sí. Màmá lo tiwọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì fi ọjọ́ 28 lò ó. Èébì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn dúró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Alaalẹ́ ni mo ń pè wọ́n kí n gbọ́ pé wọ́n ti lò ó.

HIV ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ bíi 3 nínú ẹni 1,000 tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ HIV bá gún ló ń kó o. Hẹpatáítíìsì B, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló yẹ ká bẹ̀rù jù: ẹni tí kò bá gba àjẹsára rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ sì gún, láti 6 títí dé 30 nínú 100 ló lè kó o, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè lórí ohun tó ti gbẹ fún odindi ọjọ́ 7. Èmi ti gba àjẹsára yẹn pé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Màmá ti gbálẹ̀ fún wa fún ọdún 9, ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní ẹyọ kan. Ìyẹn dùn mí wọ eegun. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀; ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni tó ń gbá a ni eérú tọ̀.

Mo lọ bá dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, mo ní kí wọ́n fún mi láyè láti tún ètò ṣe. Wọ́n gbà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo kàn fi dúró wòran kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Páálí abẹ́rẹ́, èyí tí à ń pè ní safety box, wà nínú yàrá abẹ́rẹ́. Láti bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ̀yìn, mo ka ìṣísẹ̀ 31 kí n tó débẹ̀. Lóru, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò rìn ín? Yóò fọwọ́ méjì dé abẹ́rẹ́ padà sínú ìdérí rẹ̀, èyí tí kò yẹ kéèyàn ṣe rárá, yóò gbé e sórí páànù, láti orí páànù ló ti ń bá òwú bọ́ sínú ìdọ̀tí.

Mo gbé páálí náà sórí kẹ̀kẹ́ oògùn, kí ó máa bá abẹ́rẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Mo fi máákà fa ìlà sí i níbi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin: bó bá ti kan ìlà, a dì í pa, a kì í mì ín, a kì í fọwọ́ tì í wọlé. Láílọ́ọ̀nù yẹ́lò wà fún ohun tó ní ẹ̀jẹ̀, dúdú fún páálí lásán àti àjẹkù oúnjẹ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn àti bàtà òjò, mo rà wọ́n ní Agbẹ́ni. Níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ.

Blíìṣì ló gbà mí lásìkò jù. Ojú ni Màmá fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì máa ń pò ó mọ́ oògùn líle tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, kí ó lè "mú dáadáa". Ìdí ikọ́ tí wọ́n ń wú láti ọjọ́ tó pẹ́ nìyẹn: bí àwọn méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró ló ń jáde. Mo yọ oògùn ìyàgbẹ́ náà kúrò pátápátá. 3.5% ni wọ́n kọ sára blíìṣì tiwa, torí náà ife kan blíìṣì sí ife mẹ́fà omi ló ń fún wa ní 0.5% tí a nílò fún ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sílẹ̀. Ife kan náà, mo so ó mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. A á kọ́kọ́ fi bébà nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, a á da omi náà síbẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 10 kí a tó nù ún. Àárọ̀ àárọ̀ la ń po tuntun, torí kì í pẹ́ kí agbára rẹ̀ tó dín.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo pè, nọ́ọ̀sì nìkan ló wá. Mo sún un sí aago méjì ọ̀sán, mo fi Yorùbá sọ ọ́, Màmá àti bọ̀dá tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì jókòó síwájú. Màmá ló là wá lọ́yẹ̀ pé bí àwọn bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àwọn ni láílọ́ọ̀nù ń gbára lé, pàápàá tí a bá ti tẹ ìdọ̀tí mọ́ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ yẹn, láílọ́ọ̀nù kì í kún ju ìdajì lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì olómọrí ni a sì fi ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Àyẹ̀wò oṣù kẹta fi hàn pé ara Màmá mọ́ tónítóní. Wọ́n gba àjẹsára hẹpatáítíìsì B ẹlẹ́ẹ̀kẹta nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn agbálẹ̀ yòókù àti bọ̀dá alágbàfọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kọ ìwé aláìsàn lọ́wọ́, mo kàn gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ oògùn: "Nọ́ọ̀sì, páálí yín ti kan ìlà o. Ẹ wá dì í." Mo dìde, mo lọ dì í.